Ìwé Murphy Aláwọ̀ Búlúù: Ohun Tó Kọ́ Wa àti Ohun Tó Kù Lórí “Myself” Lẹ́yìn Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn

Nínú àwọn ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn lè fi kọ́ ara rẹ̀ láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó gbajúmọ̀ tó English Grammar in Use, ìwé tí Raymond Murphy kọ, tí Cambridge University Press sì kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1985. Ẹ̀dà karùn-ún, tí ó jáde ní ọdún 2019, ni mo ń yẹ̀ wò níbí. N kò ní lè sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí ìwé ńlá ni. Ibì kan péré ni mo mú, ìyẹn ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ bíi “myself”, “himself” àti “themselves” ti ń pàdé àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn bíi “at”, “for”, “with” àti “behind”. Mo mú ibẹ̀ nítorí pé níbẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì àwa ọmọ Yorùbá ti máa ń mẹ́hẹ, àní lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti gboyè ní yunifásítì, àti nítorí pé ìwé tí ó bá lè la ibẹ̀ yé wa dáadáa yẹ kí ó wà nínú ilé gbogbo ẹni tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, JAMB tàbí IELTS.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe rí. Ẹ̀kọ́ 145 ni ó wà nínú rẹ̀, ojú ìwé méjì tó kọjú sí ara wọn ni ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: àlàyé wà ní apá òsì, iṣẹ́ ṣíṣe wà ní apá ọ̀tún, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn ìwé. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé àyè kan, tí wọn kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì mọ́, ni a kọ ọ́ fún. Ètò yìí wù mí púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ lè ka ẹ̀kọ́ kan parí, kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Murphy kò kó orúkọ gírámà ńláńlá jọ síwájú òǹkàwé. Gbólóhùn ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ìgbà tí gbólóhùn náà bá ti yé ènìyàn ni òfin rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ 82 àti ẹ̀kọ́ 83 ni àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn.

Ohun tí ẹ̀kọ́ 82 fi bẹ̀rẹ̀ tọ̀nà, ó sì rọrùn. Nígbà tí olùwà (ẹni tí ó ń ṣe nǹkan) àti àbọ̀ (ẹni tí a ń ṣe é sí) bá jẹ́ ẹnì kan náà, ọ̀rọ̀ tí ó ní “self” nínú ni a máa ń lò, ìbáà jẹ́ pé àbọ̀ náà tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìṣe tààrà, ìbáà sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ atọ́kùn wà láàárín wọn. Bí mo bá sọ pé “Adé bought shoes for himself”, Adé ni yóò wọ bàtà náà. Bí mo bá sọ pé “Adé bought shoes for him”, ẹlòmíràn ni yóò wọ̀ ọ́, ẹni tí ó bá sì ń gbọ́ mi yóò máa retí kí n sọ ẹni tí í ṣe. Báyìí náà ni a ṣe ń sọ pé “She is proud of herself”, “He is angry with himself”, “They believe in themselves”. Kò le fún ọmọ Yorùbá láti mú èyí, nítorí pé “ara” ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún wa: Adé ra bàtà fún ara rẹ̀, inú bí i sí ara rẹ̀, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀. Ibi tí èdè méjèèjì ti ń rìn pọ̀ nìyí, ìwé náà kò sì fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Ibi tí ìwé náà ti ṣe wá lóore jù ni ibi tí ó ti fi “themselves” wé “each other”. Nínú èdè wa, “ara wọn” kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bí a bá ní Adé àti Bọ́lá ń wo ara wọn, ó lè jẹ́ pé olúkúlùkù ń wo àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì lè jẹ́ pé Adé ń wo Bọ́lá tí Bọ́lá náà sì ń wo Adé. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni yóò jẹ́ kí a mọ èyí tí a ń sọ, kì í sì í dààmú wa. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú rẹ̀. “They looked at themselves” ni ti dígí, “They looked at each other” ni ti ojú kojú. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kọ̀wé lórí Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé a máa ń sọ “They love themselves” nípa ọkọ àti aya tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Létí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èébú: ó dà bí ẹni pé olúkúlùkù wọn mọ tara rẹ̀ nìkan. Bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bá wá wọ̀ ọ́, ó tún ń le sí i. Ẹni tí ó sọ pé “My neighbours are not talking to themselves” rò pé òun ti sọ ìjà tí ó wà láàárín àwọn aládùúgbò òun, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni pé àwọn aládùúgbò náà kì í dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. “To each other” ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni a kọ ìwé yìí fún, síbẹ̀ àfi bí ẹni pé Murphy kọ ẹ̀kọ́ yìí fún wa. Ẹni tí ó bá ra ìwé yìí nítorí apá yìí nìkan kò fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ibi tí n kò ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá ni bí ó ṣe yára kọjá lórí ọ̀rọ̀ “me” àti “myself” lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn tí ó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà. Ìwé náà jẹ́ kí a mọ̀ pé bí ènìyàn bá mú nǹkan dání lọ síbì kan, “with me” ni yóò sọ, kì í ṣe “with myself”. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe “bring” àti “take” ni wọ́n ní àṣà tiwọn, òǹkàwé a sì há a sórí bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ọ̀nà gbòòrò ni ó ń wò láti ojú ihò kékeré. Òfin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa sọ pé bí olùwà àti àbọ̀ bá jẹ́ ẹnì kan náà, “self” ni kí a lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba òfin náà gbọ́ tọkàntọkàn ni yóò kọ ọ́ pé “She carried the baby with herself”, “He looked behind himself”, “I have no money on myself”. Òfin ni ó tẹ̀ lé, síbẹ̀ olùkọ́ yóò fa pẹ́ńsùlù pupa sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ojú ìwé náà ní nìyí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bá so mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí ìtumọ̀ wọn fi jẹ́ ọ̀kan, bíi “look at”, “talk to”, “depend on”, “proud of”, ìṣe náà ń bọ̀ sórí olùwà fúnra rẹ̀, “self” sì di dandan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bá kàn ń sọ ibi tí nǹkan wà sí ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, yálà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iwájú rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀, ẹni náà kò gba ìṣe kankan sára, ó kàn jẹ́ àmì tí a fi mọ ibẹ̀ ni. Níbẹ̀, “me”, “him”, “her” àti “them” ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò: “He closed the door behind him”, “She put her bag beside her”, “We had the whole night in front of us”, “I don't have my card on me”. Ẹ fi “He looked at himself” wé “He looked behind him”, kí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, olùwà kan náà ni, ọ̀rọ̀ atọ́kùn nìkan ni ó yàtọ̀, ó sì tó láti yí ohun gbogbo padà.

Ìdí tí èyí fi ń dààmú àwa ní pàtàkì ni pé, ní ọ̀pọ̀ irú ibi báwọ̀nyí, èdè wa kì í lo ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ rárá. A ó ní ó bojú wẹ̀yìn, a kì í fi “ara rẹ̀” sí i. A ó ní mo mú agbòòrùn dání, tàbí pé n kò ní owó lọ́wọ́. Nígbà tí a bá wá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì rí i pé àyè kan ṣófo lẹ́yìn “behind” tàbí lẹ́yìn “on”, kò sí ohun tí Yorùbá wa lè fún wa láti fi dí i, a sì máa ń sáré lọ mú ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù, tí ó sì dà bí ẹni pé ó péye jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe gùn tó ni ó ṣe tọ̀nà tó, èrò yẹn sì ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́ ju bí a ṣe rò lọ.

Ìtàn èdè náà ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Murphy kì í ṣe ìwé ìtàn, n kò sì lè dá a lẹ́bi pé kò sọ ọ́. Ní ayé àtijọ́, “me” àti “him” lásán ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbi tí wọ́n ti ń lo “myself” àti “himself” lónìí. Àwọn tí wọ́n ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 mọ̀ ọ́n: nínú Sáàmù kẹrin, onísáàmù sọ pé òun yóò dùbúlẹ̀ ní àlàáfíà, “lay me down” ni ó sì wà níbẹ̀, kì í ṣe “lay myself down”. Bí ọ̀rúndún ti ń gorí ọ̀rúndún, ọ̀rọ̀ tó ní “self” gba ibi púpọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn ti ń tọ́ka sí àyè wà lára ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà dúró sí títí di òní.

Àwọn ibì kan wà tí méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó da aṣọ bora lè sọ pé òun fà á “over me” tàbí “over myself”, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jà. Àwọn ibì kan sì wà tí “self” ń mú ìtumọ̀ mìíràn wá pátápátá, èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún. “There was a dog beside him” túmọ̀ sí pé ajá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “He was beside himself” kò sọ̀rọ̀ ibi tí ẹnikẹ́ni wà: inú ti bí ọkùnrin náà kọjá àlà, tàbí ayọ̀ ti pa á bí ọtí. “Keep it to yourself” túmọ̀ sí pé kí o má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, “said to herself” sì ni ohun tí a máa ń pè ní sísọ nínú ọkàn ẹni. Irú ìwọ̀nyí kò ṣeé fi òfin kan kó jọ. Ènìyàn ní láti pàdé wọn nínú ìwé kíkà ni.

Ẹ̀kọ́ 83 dára gan-an, kò sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ́ wa pé “by myself” àti “on my own” jẹ́ ìtumọ̀ kan náà, ìyẹn kí ènìyàn dá wà tàbí kí ó dá nǹkan ṣe. Ìyá tí ó dá gbé ń gbé “by herself” tàbí “on her own”. Ẹ kíyè sí i pé “by” ni ó ń bá “self” rìn, “on” ni ó sì ń bá “own” rìn. Nítorí náà “by my own” tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa kò tọ̀nà.

Ohun méjì wà tí Murphy kò sọ, tí a kò sì lè retí pé kí ó sọ, ṣùgbọ́n tí olùkọ́ tí ó bá ń fi ìwé yìí kọ́ ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi kún un. Èkíní ni ọ̀wọ̀. Àwa máa ń lo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni púpọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. A ó ní, “Bàbá, ẹ tọ́jú ara yín,” a ó sì tún ní Bàbá ń bá ara wọn wí. Bí ọmọ bá gbé ọ̀wọ̀ yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, yóò sọ pé “Take care of yourselves, sir”, àwọn tí wọ́n bá gbọ́ yóò sì máa wò yíká pé ta ni èkejì. “Take care of yourself, sir” ni ó tọ́, “sir” náà sì ti ru ẹrù ọ̀wọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Bákan náà ni Bàbá tí wọ́n ń bá ara wọn wí ṣe di “He is angry with himself” ní Gẹ̀ẹ́sì, láìsí àbùkù kankan fún àgbà.

Èkejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì máa ń mú inú mi dùn nígbàkigbà tí mo bá ń kọ́ ọ. Nínú èdè wa, bí Adé bá ní kí Túndé ra bàtà fún òun, gbogbo wa mọ̀ pé Adé ni yóò ni bàtà náà, nítorí pé “òun” máa ń padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Bí Adé bá ní kí Túndé ra bàtà fún un, ẹlòmíràn ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú “òun” bẹ́ẹ̀. “Adé asked Túndé to buy shoes for him” lè jẹ́ ti Adé, ó sì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn tí a ti dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá “òun” kiri á wá lo “himself”, ó rò pé yóò gbé ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ Adé. Kò ní gbé e padà. “Adé asked Túndé to buy shoes for himself” ti fi bàtà náà fún Túndé, nítorí pé Túndé ni ó ń ra nǹkan, ẹni tí ó bá sì ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó sún mọ́ ọn jù ni ọ̀rọ̀ tó ní “self” máa ń bá lọ. Ẹ pààrọ̀ “asked” sí “promised”, bàtà yóò padà di ti Adé, nítorí pé ẹni tí ó ṣe ìlérí ni yóò ra á. Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kàn ń fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí tí a fi dé ibi gbólóhùn méjèèjì yìí, tí wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn láàárín ara wọn lórí ẹni tí ó ni bàtà. Ìwé tí yóò bá mú ènìyàn dé ìdí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó ní irú rẹ̀.

N kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn alága ìnáwó sílẹ̀. Níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, a sábà máa ń gbọ́ “from my wife and myself” tàbí “contact my secretary or myself”. Olùwà gbólóhùn kejì yẹn ni ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí “myself” ń padà sí níbẹ̀. Àwọn kan ń lò ó fún ìwà pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má baà dà bí ẹni tí ń gbé ara rẹ̀ ga, a sì máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, “my secretary or me” ni kí ẹ kọ. Lẹ́yìn “like”, “except” àti “as for”, ẹ lè lo “myself” láìbẹ̀rù.

Ní ti iṣẹ́ ṣíṣe tí ó wà ní apá ọ̀tún, wọ́n mọ́ra, wọ́n sì tọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tó fún ẹni tí ó ń múra fún JAMB, níbi tí ìbéèrè Use of English ti máa ń fi àwọn ìdáhùn tí ó fara jọ ara wọn dẹ ọmọ. Mo gba àwọn olùkọ́ níyànjú pé kí wọ́n lo ojú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi gbólóhùn tiwọn kún un, pàápàá èyí tí “behind”, “beside”, “on” àti “with” wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá kọ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè fún ẹ̀dà tí ó ní ìdáhùn, nítorí pé èyí tí kò ní ìdáhùn náà wà lọ́jà, kíláàsì tí olùkọ́ wà níbẹ̀ ni a ṣe é fún. Kí ó sì ṣí ìwé náà wò dáadáa kó tó sanwó, nítorí àwọn ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ ní dúdú àti funfun. Àwọ̀ àti lẹ́tà tó ki ni Murphy fi ń fi ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ́ni hàn nínú gbólóhùn. Bí àwọ̀ àti lẹ́tà náà kò bá hàn dáadáa mọ́, ẹ̀kọ́ 82 di òkìtì gbólóhùn lásán, ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní tètè rí “self” tí wọ́n ní kí ó máa wò.